Ọ̀rọ̀ Tí Bàdírù Fi Kún Un

Ní ọdún 1949, bí àlejò bá gba ọ̀nà Sàngó wọ Ọ̀tà, tó sì béèrè ilé Bàdírù télọ̀, ẹni tó bá bi yóò kọ́kọ́ bi í padà pé, "Ṣé Bàdírù tó ń ránṣọ ni, àbí Bàdírù ẹ̀gbọ́n Mùsílíù?" Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n orúkọ kejì ti gba iwájú mọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́, ohun tó sì ń dun Bàdírù wọra nìyẹn. Ó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń rán agbádá fún àwọn àlùfáà, ó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn akódà kóòtù, kò sì sẹ́ni tó bá a níbi ìjà rí. Àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí lé e ló wá sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń nàka sí bó bá ń kọjá.

Mùsílíù kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Káfíńtà tó mọṣẹ́ ni. Ilé ìlagi kan ní Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ tí ayùn gé ìka méjì kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa lọ sílé, òun kò ní iṣẹ́ fún ọwọ́ tí kò pé. Kò tó oṣù mẹ́ta sígbà náà, ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọbìnrin wọn, ó gbé àpótí rẹ̀ rù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà tí Mùsílíù fi máa padà dé Ọ̀tà, kò gbé irinṣẹ́ kankan dání mọ́, àfi ìbínú.

Ìbínú ọ̀hún kì í sùn, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn sùn. Bí Ládàánì bá ti pe ìrun àsùbáà tán, Mùsílíù náà á gbé garawa òfìfo síta, á máa fi igi lù ú gbàùngbàùn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀. Á da pàǹtí sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá wò ó ní ìwòkuwò. Ó já okùn tí àwọn obìnrin ń sá aṣọ sí. Ó jókòó sí ẹnu kànga, ó ní ẹni tí kò bá kí òun tọwọ́tẹsẹ̀ kò ní pọn omi. Bó bá sì ti mu ògógóró, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ṣeé tún sọ níwájú ọmọ ènìyàn. Nínú ilé tí bàbá wọn ti jẹ́ ẹni tó ń nu bàtà àwọn àgbà ní mọ́ṣáláṣí, ohun ìtìjú ni.

Ká sọ tòótọ́, àwọn ará àdúgbò náà kò mọ́ tónítóní. Ọ̀kan nínú wọn ni Jìbírílù, àgbẹ̀ tí òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé ilé tó fi ògiri kan ti Bàdírù. Òun ló kọ́kọ́ pe Mùsílíù ní Ìka-ò-pé, orúkọ náà sì ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn obìnrin á máa pè é lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín débi tí yóò fi gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan bá ń pariwo?

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Ògúndèyí tó jẹ́ baálé àdúgbò ránṣẹ́ pe Bàdírù. Àwọn àgbà mẹ́fà ló bá níbẹ̀.

Ògúndèyí ní, "Bàdírù, ìwọ kọ́ là ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. A fún ọ ní oṣù mẹ́ta. Bí àbúrò rẹ kò bá yí padà, kí o mú un kúrò láàárín wa. Bí o kò bá lè mú un kúrò, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ."

Bàdírù dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Ó délé, kò lè rán apá aṣọ kan. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń wo abẹ́rẹ́.

Ràfátù ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́ nípa akọ̀wé wẹ́fíà. Ó ní wọ́n ń sọ ọ́ lọ́jà pé ìjọba ti dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta fún àwọn ìdílé tí ẹnì kan ń yọ lẹ́nu, pé wọ́n ń rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí Ọ̀tà ní gbogbo Àlàrùbá. Wọ́n ní kì í nani, kì í sì í mú ènìyàn lọ sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní ṣe ló ń báni sọ̀rọ̀ títí nǹkan á fi tòrò. Bàdírù kò gbà á gbọ́ tán. Àmọ́ ẹni tí omi ń gbé lọ, kò sí igi tí kò lè dì mú.

Ọ̀gbẹ́ni Fọláwẹwọ́ ni akọ̀wé náà ń jẹ́. Kò lè ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Yàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù ni wọ́n fún un, tábìlì kan, àga mẹ́ta, àti ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Ó dìde fún Bàdírù àti Ràfátù nígbà tí wọ́n wọlé, ìyẹn sì ya Bàdírù lẹ́nu.

Bàdírù ro ẹjọ́ rẹ̀. Ó sọ ti garawa, ó sọ ti pàǹtí, ó sọ ti okùn aṣọ àti ẹnu kànga. Fọláwẹwọ́ ń gbọ́, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan púpọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni ó wí níkẹyìn. "Ọ̀rọ̀ yín dùn mí. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni láti ibí títí dé Ìfọ̀, ìdílé tó wà lọ́wọ́ mi sì ti pọ̀ jù. Àwọn ọ̀gá mi ní èyí tó bá le gan-an ni kí n máa gbà. Ariwo àti èébú, wọ́n ní àwọn baálé ló yẹ kó parí ìyẹn. Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí? Ṣé ó ti lérí ohun tó burú?"

Bàdírù rí i tí ọwọ́ ọkùnrin náà ń lọ síbi ìdérí kálàmù. Oṣù mẹ́ta tí Ògúndèyí fún un dìde níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ó rí i bí òun yóò ṣe ru ẹ̀rọ ìránṣọ lórí, tí òun yóò máa wá ilé kiri pẹ̀lú ìyàwó àti Mùkáílà ọmọ òun.

"Ó ti lérí," ni ó wí. "Ó ní òun máa dáná sun ilé Ìyá Jìbírílù."

Ràfátù yí ojú sí i.

Fọláwẹwọ́ gbé kálàmù padà sórí ìwé. "Ìgbà mélòó ló sọ ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun gba ẹjọ́ náà, pé òun á wá sílé wọn ní Àlàrùbá tó ń bọ̀.

Wọ́n ti rìn kọjá ọjà kí Ràfátù tó sọ̀rọ̀. "Bàbá Mùkáílà, ìgbà wo ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn?" "Ọkọ mi" ló ń pe Mùsílíù láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Ṣé o kò rí i pé ọkùnrin yẹn ti fẹ́ dé kálàmù rẹ̀ ni?"

"Mo rí i. Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Kò sọ ọ́. Ìrànlọ́wọ́ la wá, a sì ti rí i gbà. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀ tán, ta ló tún máa rántí?"

"Inú ìwé lẹ fi í sí," ni Ràfátù wí.

Ọjọ́ tí Fọláwẹwọ́ kọ́kọ́ wá, Mùsílíù da omi àwokòtò lé e lórí. Akọ̀wé yọ fìlà rẹ̀, ó fún un gbẹ, ó ní òun á padà wá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó wá. Kò bá Mùsílíù sọ nǹkan kan nípa garawa tàbí kànga. Ó jókòó sórí ìpẹ̀kun pèpéle, ó ní ilẹ̀kùn yàrá òun ní Abẹ́òkúta ti jẹrà, ó sì bi í pé igi wo ni kòkòrò kì í lè jẹ.

"Ìrókò," ni Mùsílíù wí. "Bó o bá ní agbára rẹ̀. Bí o kò bá ní, wá igi apá. Ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí o tó là á."

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù mẹ́rin, kò sí Àlàrùbá tí Fọláwẹwọ́ kò wá. Ó lọ bẹ Ògúndèyí, ó gba àfikún ọjọ́ fún wọn. Ó lọ bá Jìbírílù nínú oko, ó ní kó jẹ́ kí orúkọ Ìka-ò-pé yẹn kú. Ó wá ayùn kan, òòlù kan àti àdá kékeré kan fún Mùsílíù, ó sì ní àwọn àgbà ń fẹ́ ìdérí fún kànga nítorí ewúrẹ́ tó máa ń já sínú rẹ̀. Mùsílíù ní ọwọ́ òun kò lè di ayùn mú mọ́. Fọláwẹwọ́ ní kó gbìyànjú pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

Odindi oṣù kan ló fi ṣe ìdérí ọ̀hún. Ó ń gé, ó ń bú igi, ó ń bú ara rẹ̀, ó ń tún un gé. Bàdírù á máa gbọ́ ayùn náà láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, á sì dá ẹsẹ̀ dúró lórí àtẹ̀sẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Garawa kò dún ní àsùbáà mọ́. Nígbà tí ìdérí náà dé ẹnu kànga, tó bá a mu gẹ́lẹ́, Ìyá Jìbírílù fúnra rẹ̀ gbé àwo ẹ̀wà kan lé Ràfátù lọ́wọ́.

"Fún ọkọ rẹ," ni ó wí. "Sọ fún un pé mo kí i kú iṣẹ́."

Mùsílíù jẹ ẹ̀wà náà, ó fọ àwo rẹ̀, ó gbé e padà fún ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀. Kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan láti gbé e kalẹ̀, Bàdírù sì rí i láti ojú fèrèsé.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí Fọláwẹwọ́ wá dágbére. Wọ́n ti ní kó máa lọ ṣiṣẹ́ ní Warí. Ó ní òun ti bẹ àwọn ọ̀gá òun kí wọ́n fi òun sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sí i, wọn kò gbà. Ẹlòmíràn á wá dípò òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wà lẹ́yìn rẹ̀," ni ó wí fún Bàdírù. "Ibi tó dé yìí, ó ṣì lè padà sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó dá nìkan wà."

Bàdírù fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ náà pé kó pa gbólóhùn kan rẹ́ nínú ìwé ẹlẹ́yìn pupa yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wo ojú ẹni tó ti ṣe irú oore bẹ́ẹ̀, tí yóò sọ fún un pé irọ́ ni òun fi gba oore náà? Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, akọ̀wé tuntun kò tíì yọjú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, àká àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Jìbírílù gbiná. Ọyẹ́ gbé iná náà, ó sọ ọ́ sórí ilé ìdáná, ó sọ ọ́ sórí òrùlé koríko ilé náà gan-an. Kí àwọn ènìyàn tó fa garawa omi mẹ́wàá nínú kànga, àgbàdo ọdún kan ti di eérú, ìdajì ilé sì ti wó. Ìyá Jìbírílù jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí.

Mùsílíù kò sí nílé. Àárọ̀ ló ti jáde lọ sí ọ̀nà Ìyẹsí láti wá igi. Ìgbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ìtì apá lórí, àwọn ará àdúgbò ti nàka sí i, àwọn akódà sì ti ń dúró dè é. Wọ́n bi í pé ta ló rí i ní Ìyẹsí. Ó ní òun rí agégi kan, òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n dè é lọ́wọ́ lójú gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Ìka-ò-pé," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán ọ̀rọ̀ wò bóyá ó ṣì mú.

Ọjọ́ tí kóòtù jókòó ni wọ́n tó rí akọ̀wé tuntun. Àgbàlagbà ni, aláwọ̀ pupa, ẹni tí kò dé ilé wọn rí. Kóòtù ló ní kó mú ìwé wá, ó sì mú un wá. Ó ṣí i, ó kà á bí ẹni tó ń ka orúkọ ọjà. Ti garawa ni, ti pàǹtí ni, ti ẹnu kànga ni, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ti ìdérí kànga wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìlà kan péré ni.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún sọ," ni ó kà, "pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lérí pé òun yóò dáná sun ilé Ìyá Jìbírílù."

Adájọ́ ní kí Bàdírù dìde.

"Ṣé ìwọ lo sọ èyí fún ìjọba?"

Lápá ọ̀tún, àwọn akódà tó wọ aṣọ tí òun rán fún wọn dúró. Lápá òsì, Ògúndèyí àti àwọn àgbà jókòó. Ràfátù wà lẹ́yìn, ó sì mọ̀ láìwẹ̀yìn pé ojú rẹ̀ ń bẹ lára òun. Bó bá ní irọ́ ni, òun ló purọ́ fún ìjọba. Wọ́n á béèrè irú ènìyàn tó jẹ́, wọ́n á sì lè ti òun náà mọ́lé. Ta ló máa tún fún un láṣọ rán ní Ọ̀tà?

"Èmi ni mo sọ ọ́, Olúwa mi."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Mùsílíù tó wà nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ kò pariwo. Ó yí ọrùn, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo?"

Adájọ́ kan tábìlì, ó ní kí ẹlẹ́jọ́ pa ẹnu mọ́. Ọdún kan àbọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ni wọ́n dá fún Mùsílíù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e lọ sí Abẹ́òkúta.

Nǹkan wá rọrùn fún Bàdírù. Àwọn tó máa ń gbójú kúrò lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Ògúndèyí sọ ní gbangba pé olóòótọ́ ni, pé kò gbè sẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún un lé sí i. Ó ń rán an, ó ń gbé e lọ fún wọn, ó ń kírun. Ràfátù kò bá a jà. Ó ń gbé oúnjẹ fún un lásìkò, ó ń kí i ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, á di gààrí àti ẹja gbígbẹ sínú àpò, á wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Abẹ́òkúta, á sì padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Kò sọ ohun tó rí níbẹ̀. Bàdírù kò béèrè.

Ó ti tó ọdún kan tí wọ́n gbé Mùsílíù lọ nígbà tí àìsàn dá Ìyá Jìbírílù wó. Ó ránṣẹ́ pe Bàdírù ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó lé gbogbo ènìyàn jáde nínú yàrá.

"Jókòó," ni ó wí. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kí n tó lọ. Iná ọjọ́ yẹn, Jìbírílù ni. Ó lọ finá lé eku jáde nínú ihò lẹ́yìn àká, ó rò pé òun ti tẹ̀ ẹ́ pa, ó bá lọ sóko. Lọ́jọ́ kẹta ló sọ fún mi."

Bàdírù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Lọ́jọ́ kẹta? Ìyá, wọn kò tíì dájọ́ nígbà yẹn."

"Wọn kò tíì dá a."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́?"

Ìyá àgbà náà wo àjà. "Kí n fi ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́ ni? Mo fẹ́ sọ ọ́, Bàdírù. Mo jókòó sí kóòtù lọ́jọ́ yẹn, mo sì ti ní bó bá di ojú rẹ̀ tán, màá dìde. Nígbà tí ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tí o ní òótọ́ ni, mo ní ṣé èmi ni màá wá mọ̀ ọ́ jù ọ́ lọ? Mo rò pé bí kì í bá ṣe iná yìí, iná mìíràn ni ì bá jẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Àdúgbò sì ti tòrò. Gbogbo wa la ń sùn."

Bàdírù dìde. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ Mùsílíù. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ pa àgbọ̀n.

"Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Pé Jìbírílù ló finá sí i? Jìbírílù á ní òun kò sọ bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì ní gbé ọ̀la. Àbí kí n kọ ọ́ pé ẹ̀yin purọ́ níwájú adájọ́? Ẹ lọ rò ó wò, télọ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí n kọ ọ́, ẹ padà wá."

Kò padà lọ. Ó wọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta dípò rẹ̀, ó ní òun máa bá àwọn wẹ́fíà fúnra wọn sọ ọ́, bóyá wọ́n á kọ̀wé sí Fọláwẹwọ́. Àwọn ènìyàn jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn níwájú ọ́fíìsì náà. Obìnrin kan ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń mì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń kéú.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ni obìnrin náà wí, "ṣé ẹ mọ̀ wọ́n níbí? Ọkọ ọmọ mi ló ń dà wá láàmú nílé, tó ń bú gbogbo àdúgbò. Wọ́n ní bí kò bá le, wọn kì í gbà á. Bí mo bá sọ pé ó yọ ọ̀bẹ, ṣé ìyẹn tó?"

"Ṣé ó yọ ọ̀bẹ?"

"Ó lè yọ ọ́."

Bàdírù wò ó. "Ìyá, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ."

Ojú obìnrin náà yí padà. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ti rí ìrànlọ́wọ́ tiyín gbà ni ẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ó sì dojú kọ ibòmíràn. Kò pẹ́, wọ́n pè é wọlé. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Bàdírù gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń béèrè bóyá ẹni náà ti lérí ohun tó burú, ó sì gbọ́ ohùn obìnrin náà tó dá a lóhùn kíákíá. Ó dìde lórí bẹ́ǹṣì kó tó kan òun, ó sì padà sí Ọ̀tà.

Wọ́n dá Mùsílíù sílẹ̀ nígbà òjò. Kò wá sílé. Oṣù méjì kọjá kí ẹlẹ́po kan láti Alápótì tó sọ fún Ràfátù pé káfíńtà kan wà lọ́dọ̀ àwọn, tó ń fi ọwọ́ òsì gé igi. Lọ́jọ́ kejì, Bàdírù wọ bùbá tó dára, ó gba ọ̀nà Alápótì.

Ó bá a lábẹ́ àtíbàbà, ó ń fá pákó. Ó ti rù. Irun rẹ̀ ti funfun ju ti Bàdírù lọ. Mùsílíù gbé orí sókè, ó rí i, ó gbé ìfági kalẹ̀. Ó wọlé, ó bu omi tútù sínú igbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àlejò.

Bàdírù mu díẹ̀.

"Mo purọ́ mọ́ ọ," ni ó wí.

"Mo mọ̀. Ta ló máa mọ̀ ọ́n jù mí lọ?"

"Jìbírílù ló finá sí i."

"Ìyẹn ni n kò mọ̀." Mùsílíù ju èjìká. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Nígbà tí mo sọ ọ́, ìrànlọ́wọ́ ni mo ń wá fún ọ. Wọn kì bá tí gba ẹjọ́ rẹ. Ọlọ́run gbọ́."

"Ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mi ò bínú tìyẹn. Ràfátù ti ro ó fún mi." Ó gbọn èérún igi kúrò lára ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ kóòtù ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Kí lẹ ń wá fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

Ewúrẹ́ kan kọjá láàárín wọn.

"Jẹ́ ká lọ sílé," ni Bàdírù wí.

"Ilé ti wà níbí."

Mùsílíù sìn ín dé ojú ọ̀nà. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó bá a gbé agboòrùn rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ kí wọn, ó bi Mùsílíù pé ta ni àlejò rẹ̀.

"Télọ̀ kan ni, láti Ọ̀tà," ni Mùsílíù wí. Ó gbé agboòrùn lé Bàdírù lọ́wọ́, ó ní kó kí àwọn ará ilé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ kó tó dé Ọ̀tà. Ràfátù ti gbá yàrá Mùsílíù, ó ti tẹ́ ẹní tuntun síbẹ̀, ó sì gbé ìkòkò omi sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ bóyá ẹnì kan ń tẹ̀lé e bọ̀.

"Kò wá," ni Bàdírù wí.

Ràfátù wọ yàrá náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní.